Táyé, Tọ́ Ọ Wò

Òórùn ẹran àgùntàn tí wọ́n bọ̀ láìsí iyọ̀ kò jọ òórùn oúnjẹ kankan tí mo mọ̀. Kò jọ ti ẹran màlúù, kò sì jọ ti òbúkọ tí gbogbo àdúgbò máa ń mọ̀ pé ó wà lórí iná. Ó máa ń rọra jáde láti ilé ìdáná wa ní Ìgbó-Ọrà, á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, á wọ yàrá dé yàrá, á sì lọ lẹ̀ mọ́ aṣọ tí a sá sí ẹ̀yìnkùlé, àfi bí ìgbà tí èèyàn da omi gbígbóná sí irun ẹran tí òjò pa. Bí o bá ti gbọ́ ọ rí, o ò ní béèrè ìdí tí bàbá mi fi máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Bí o ò bá gbọ́ ọ rí, Ọlọ́run ló ṣàánú rẹ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, èmi kò tíì lọ sílé ọkọ. Èrúwà ni mo ti ń kọ́ni, mò ń wọ mọ́tò lọ láàárọ̀, mo sì ń padà sílé bàbá mi nírọ̀lẹ́. Òun náà ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ìlú ló sì ń pè é ní Tíṣà títí dòní. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wú láàárọ̀, a ní oorun ni. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà á mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsíbítù, dókítà ní ó ti ń rẹ kíndìnrín rẹ̀. Ó ní kò tíì dáṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ bí bàbá kò bá ṣọ́ ẹnu, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù, Ìbàdàn sì ni ẹ̀rọ náà wà. Màmá mi di etí gèlè rẹ̀ mú. Bàbá mi bi dókítà bóyá òun ṣì lè máa jẹ ẹran àgùntàn.

Dókítà ní kí a lọ rí obìnrin tó mọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn, ẹni tí màmá mi sọ ní nọ́ọ̀sì oúnjẹ láti ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ tó pọ̀ bá bàbá mi sọ̀rọ̀, bóyá nítorí bàbá mi jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

"Ẹ lè jẹ ẹ́, sà," ó wí. "Àmọ́ kó jẹ́ ọ̀dọ́ àgùntàn, kí wọ́n sì gé gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò. Kí wọ́n bọ̀ ọ́, kí wọ́n da omi rẹ̀ nù, kí wọ́n wá fi omi mìíràn sè é. Kò gbọdọ̀ sí iyọ̀ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí magí."

"Ìyẹn ni pé kí n máa jẹ rọ́bà," bàbá mi wí.

"Ẹran kan ṣoṣo sì ni, sà. Kó má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ."

"Àtẹ́lẹwọ́ ta ni?"

"Tiyín, sà."

Bàbá mi yí ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ń wò ó. Ọwọ́ kékeré ni, ọwọ́ tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì àti Bíbélì ló fi ayé rẹ̀ gbé. Mo rí i pé inú ń bí i sí ọwọ́ náà. Títí a fi délé, màmá mi ń bo ẹnu rẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín lójú ọkọ.

Ohun tó wá mú kí ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe yẹ lọ ni pé bàbá mi kò dá wá sáyé. Kẹ́yìndé ni. Èkejì rẹ̀, Bàbá Táyé, ń dáko lójú ọ̀nà Ìdèrè. Bàbá mi tẹ̀lé ilé ìwé di onígbàgbọ́, Bàbá Táyé ní tirẹ̀ dúró sínú ẹ̀sìn Mùsùlùmí tí wọ́n bí wọn sí, ìyẹn kò sì pín wọn níyà rí. O mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ìbejì lọ́dọ̀ wa: ohun tí o bá fún ọ̀kan, wàá fún èkejì. Ìyá wọn mú òfin yìí le gan-an. Bí ọ̀kan bá ṣẹ̀, wọ́n á na èkejì díẹ̀ kó má baà dà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Bí ibà bá ń ṣe ọ̀kan, àwọn méjèèjì ló ń mu àgbo. Ìyá wọn ti kú tipẹ́, àmọ́ àwọn bàbá arúgbó méjì yìí ṣì ń pa òfin náà mọ́ bíi pé ó wà ní yàrá kejì tó ń gbọ́ wọn. Ní gbogbo Iléyá, ìdajì àgbò Bàbá Táyé ló máa ń wá sílé wa. Ní gbogbo Kérésìmesì, bí adìyẹ wa bá jẹ́ ẹyọ kan, láti ọrùn rẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í là á sí méjì.

O sì mọ̀ pé Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló jókòó sínú tó ní kí Táyé lọ tọ́ ayé wò, pé bó bá dùn kó fọhùn, òun á máa bọ̀. Àwọn ìbejì mìíràn máa ń fi èyí pa ẹnìkejì wọn lẹ́rìn-ín ni. Ní ti bàbá mi, iṣẹ́ ló fi ń rán Táyé títí di ọjọ́ ogbó. Bí ohunkóhun bá ti jẹ́ tuntun, á ní, "Táyé, tọ́ ọ wò." Táyé ló kọ́kọ́ gun alùpùpù. Nígbà tí ìjọba kó abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, Táyé ló kọ́kọ́ gbà á, bàbá mi sì ń yọjú wò ó lójú fèrèsé bóyá á ṣubú. Kódà nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyàwó dé, Táyé ló rán lọ wo ojú ilé àwọn àna rẹ̀. Màmá mi sọ pé ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí òun rín nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yẹn, ẹlòmíràn lòun rín in sí, òun kò sì rí i gbà padà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ se ọ̀dọ́ àgùntàn náà bí wọ́n ṣe wí, bàbá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó béèrè ẹni tó ń se aṣọ nínú ìkòkò. Ó bu ẹran náà jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó rọra rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì padà wá láìsí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Ajá aládùúgbò wa gbóòórùn ohun tó tu sílẹ̀ náà, ó wo bàbá mi lójú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ti pọ̀ lójijì. Ìpàdé lónìí, ìpàdé lọ́la, òórùn sùúyà ló sì máa ń wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀ bó bá dé. Bí a bá sọ̀rọ̀, á ní ta ló ń ṣe ìpàdé tí kì í jẹ nǹkan.

Nígbà tí a padà lọ sí ọsíbítù, dókítà fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀. Ó gbé ìka kúrò, ojú ibi tó tẹ̀ ṣì jìn sílẹ̀, kò ga padà. Ó ní bó bá ṣì rí báyìí nígbà tí a bá tún dé, òun yóò kọ̀wé sí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn.  Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá màmá mi nílé ìdáná, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní àlùbọ́sà ni, ẹ̀gúsí ló sì wà níwájú rẹ̀ tó ń bó. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀ lọ.

Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìdajì àgbò sì ń bọ̀. Èmi àti màmá mi bá múra, ó di ilé Bàbá Táyé. Àgbò tó rà lọ́jà Tápà wà lórí ìso lábẹ́ igi máńgòrò, ó tóbi débi pé àwọn ewúrẹ́ ilé ń yà fún un. Màmá mi kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, lọ́dún yìí, ẹ má fi tiwa ránṣẹ́."

Ojú Bàbá Táyé yí padà. "Kí èmi máa dá a jẹ, kí Kẹ́yìn máa wò mí lẹ́nu? Kí ni mo ṣe fún un?"

Màmá mi ṣàlàyé fún un. Ó sọ ti ẹsẹ̀, ó sọ ti kíndìnrín, ó sọ ti ẹ̀rọ Ìbàdàn. Bàbá Táyé jókòó sórí odó tó wà nítòsí. Kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní Kẹ́yìndé sọ fún òun pé bàtà ló há òun lẹ́sẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní kí ni wọ́n ní kó máa jẹ. Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un bí nọ́ọ̀sì oúnjẹ ṣe kà á.

"Láìsí iyọ̀?" ó wí.

"Láìsí iyọ̀, sà."

"Rárá?"

"Rárá, sà."

Ó yíjú sí àgbò abẹ́ máńgòrò, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ kí èèyàn rẹ̀ pé ó dìgbà. 

Ní ọjọ́ Iléyá, àwọn tó lọ kírun ti ń padà, ẹran ti ń ta sánsán káàkiri àdúgbò, ìdajì àgbò kò dé. Bàbá mi ti wọ aṣọ tó mọ́, ó ti gbé àga síta, ó ń wo ojú ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i kú ọdún, á dáhùn láìwo ojú onítọ̀hún. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a gbọ́ ìró alùpùpù. Bàbá Táyé ló ń gùn ún fúnra rẹ̀. Ó so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀dọ́ àgùntàn kan wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà, ó yọ orí síta, ó ń wo ìlú bí èrò ọkọ̀.

"Ẹran mi dà?" bàbá mi wí. Kò tilẹ̀ kí i.

"Mo ti fi ṣe sàráà."

"Ìdajì tèmi?"

"Gbogbo ẹ̀. Tó ò bá lè jẹ ẹ́, ta ni kí n bá jẹ ẹ́?" Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà fún mi. "Fúnmi, ọ̀dọ́ tí wọ́n wí rèé. Jẹ́ kí n bá yín pa á, kó o wá sè é bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kẹ́ ẹ sè é. Abọ́ méjì."

"Kí lẹ fẹ́ fi abọ́ kejì ṣe, sà?"

"Ṣé ojú èèyàn kan lo rí níbí ni?"

Mo sè é. Mo gé ọ̀rá rẹ̀, mo bọ̀ ọ́, mo da omi rẹ̀ nù. Mo fi aáyù sí i, mo fi ata ilẹ̀ sí i, mo já efinrin sí i, mo sì gbàdúrà sí i. Òórùn tí mo sọ fún ọ yẹn tún jáde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo gbé ẹran náà wá sórí tábìlì, mo fẹ́ fi ọ̀bẹ gé e, bàbá mi ní kí n dúró.

"Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ní kó tó, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Táyé, na ọwọ́ rẹ."

Bàbá Táyé na ọwọ́. O ò rí irú ọwọ́ yẹn rí. Láti kékeré ló ti ń di ọkọ́ mú, ó wá fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Nígbà tó gbé e lé ẹran náà, ó kù díẹ̀ kó bò ó tán.

"Ìwọ̀n mi nìyẹn," bàbá mi wí.

Màmá mi pariwo. "Bàbá Fúnmi! Ọwọ́ tiyín ni nọ́ọ̀sì ní!"

"Ọwọ́ mi náà nìyí. Ikùn kan la ti jáde. Ká ní mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sóko, bó ṣe máa rí nìyí. Ṣé torí pé mo lọ sílé ìwé ni kí n máa jẹ ẹran tín-ín-rín?"

 Màmá mi wo ẹran, ó wo ọwọ́, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ rọ̀. "Ó dáa," ó wí. "Fúnmi, gé e kó tó ọwọ́ Bàbá Táyé." Mo gé e. Bàbá mi ti na abọ́ rẹ̀ síwájú. "Ẹ dúró ná," màmá mi wí. "Ohun tí a bá fún Kẹ́yìndé, a ó fún Táyé. Àbí òfin ìyá yín ti yí padà ni?" Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó gé ẹran náà sí méjì ọgbọọgba, ó fi ọ̀kan sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bọ́ sínú abọ́ bàbá mi kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ tíṣà lọ. Bàbá Táyé rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi fìlà nu ojú.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹran náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra ti abọ́ náà sẹ́yìn.

"Táyé," ó wí, "tọ́ ọ wò."

Ó yẹ kí n sọ fún ọ irú èèyàn tí Bàbá Táyé jẹ́ nípa iyọ̀. Ó máa ń fi iyọ̀ jẹ máńgòrò. Bí wọ́n bá fi iyọ̀ se àgbàdo, á tún fi iyọ̀ jẹ ẹ́. Kò sí ìgbà tí iyọ̀ tó fi bébà wé kì í sí nínú àpò ṣòkòtò oko rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyàwó rẹ̀ sì ti fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ láìmọ̀. Ẹni tí bàbá mi ní kó tọ́ ẹran aláìníyọ̀ wò nìyẹn. Ó ní, "Bísímílà," ó bu ẹran náà jẹ. Ó jẹ ẹ́ lápá ọ̀tún, ó gbé e sí apá òsì. Omi lé sí i lójú. Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé bó bá fi lè tu ẹran yẹn dànù, ó parí, Ìbàdàn ló kàn. Nígbà tó yá, ó gbé e mì.

"Ó dùn," ó wí.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ó dùn, Kẹ́yìn. Máa bọ̀."

Bàbá mi fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó jẹ ẹran náà tán pátápátá, ó sì fọwọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí a gbé ẹran kaná tí a kì í gbọ́ ìró alùpùpù Bàbá Táyé níta. Á jókòó, á tọ́ ọ wò, á ní ó dùn, bàbá mi á sì jẹ tirẹ̀. Ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì dín kù. Nígbà tó ṣe, ó kù sí èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ kan tí ìyàwó Bàbá Táyé wọlé wọ̀ọ́, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ níwájú màmá mi. "Ìyá Fúnmi, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Ṣé ó burú ni?" Màmá mi fi ìka tọ́ ọ wò. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ, kò burú rárá. "Bàbá Táyé ní àwọn ò jẹ ẹ́," obìnrin náà wí, ó fi ọwọ́ lérí. "Wọ́n ní iyọ̀ wà ńbẹ̀. Mo ní látìgbà tí mo ti délé yín ni iyọ̀ ti wà ńbẹ̀. Wọ́n ní Kẹ́yìndé ò jẹ iyọ̀. Ẹ gbà mí o, ta ló sọ fún wọn pé kíndìnrín tiwọn náà ń ṣàìsàn?"

A ò mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín ni tàbí ká sunkún. Èmi rò pé ẹran tó ń jẹ lọ́dọ̀ wa nìkan ni Bàbá Táyé fi ń ti bàbá mi lẹ́yìn. Mi ò mọ̀ pé bó bá délé rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ó ṣì ń bá a lọ. Màmá mi mú obìnrin náà jókòó, ó sọ ohun gbogbo fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, ìkòkò ọbẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, a ro ọkà láfún, a sì jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí olè.

Nígbà tí a tún padà sí ọsíbítù, dókítà tẹ ojúgun bàbá mi, ojú ibẹ̀ ga padà. Kò sọ pé àìsàn ti lọ o, kò sì tíì lọ títí dòní. Ó kàn ní kí a máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, òun kò ní kọ̀wé sí Ìbàdàn. Màmá mi wólẹ̀ dúpẹ́. Bàbá mi bi dókítà bóyá wọ́n lè fi ìka kún àtẹ́lẹwọ́ náà.

Kí n tó lọ sílé ọkọ, èmi àti bàbá mi jókòó síta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó kàn ń wọ̀ ọ́ kiri ilé nítorí pé ó gbà á. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni ẹran ọjọ́ Iléyá yẹn dùn.

"Ó burú jáì," ó wí.

"Bàbá Táyé sì sọ pé ó dùn."

"Irọ́ ni. Kì í sì í ṣe àkọ́kọ́. Èyí tó kọ́kọ́ pa fún mi, wọn ò tíì bí mi. Ó jáde síta, ó rí i bí ibẹ̀ ṣe rí, ó figbe ta, ó ní ó dùn, kí n máa bọ̀."

"Ẹ sì gbà á gbọ́, sà?"

"Ta ló máa gba ẹni tó ń sunkún gbọ́?" Ó na ẹsẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. "Mo kàn gbọ́ pé òun nìkan ló wà níta ni."

Títí di ọjọ́ náà, mo ti rò pé wọ́n tan bàbá mi jẹ ni ó fi jẹun. Dókítà sọ òótọ́ fún un, nọ́ọ̀sì oúnjẹ sọ òótọ́, èmi àti màmá mi sọ òótọ́ títí ẹnu fi bó wa, ìdí àga wa la sì ti ń sọ ọ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ oníyọ̀ wa nílé ìdáná. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn, abọ́ méjì ni mo máa ń gbé.